Lọ́kọ̀ọ̀kan Ni Kí O Kó Wọn

Mo pa àmì aláìsàn kan rẹ́ nínú Òní, mo wo inú Àná, àmì náà ti pa rẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo dá a padà. Mo dán ẹlòmíràn wò. Tirẹ̀ náà pa rẹ́ lápá méjèèjì. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Àbámẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láti aago mẹ́fà ni mo sì ti jókòó sídìí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa.

Ìyá Alùpùpù yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ wo àwọn aláìsàn nílé ni, ó sì fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ó ti dé akoto rẹ̀ sórí, bí ẹni pé orí alùpùpù ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Gékúrú, ṣé orúkọ ti jáde?"

"Kò tíì jáde, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló ń ṣe é? Ṣé inú ń run ẹ̀rọ ni? Fún un lóògùn, ṣebí oògùn ò wọ́n wa níbí."

N kò rẹ́rìn-ín. Òun gan-an kò rẹ́rìn-ín.

"Aago méjìlá ni mò ń gbéra o," ó ní. "Iná iwájú alùpùpù mi ti kú láti ọjọ́ Ajé, mi ò lè wà á nínú òkùnkùn. Bó o bá fún mi lórúkọ ní méjìlá, mo lè rí ẹni márùn-ún kílẹ̀ tó ṣú. Bó o bá fún mi ní méjì, ẹni méjì náà ni. Ìwọ lo mọ ìṣirò, ṣe é fúnra ẹ."

Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, níbi tí mo ti lè máa rí ẹ̀yìn akoto rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni àwọn oníkọ́ ife ti ń gbé oògùn mì lójú apòògùn. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń lò ó, lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ara máa ń yá ní oṣù kejì. Ẹni tí ara rẹ̀ yá á ní ó tó gẹ́ẹ́, á ṣíwọ́, àìsàn náà á lọ lúgọ, á sì padà wá pẹ̀lú agbára tí oògùn àkọ́kọ́ kò ká mọ́. Nítorí náà ni ilé ìwòsàn wa kì í fi í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá. Ẹni tó wá lánàá tí kò wá lónìí, orúkọ rẹ̀ á jáde sórí ìwé nírọ̀lẹ́, Ìyá Alùpùpù á sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ètò kọ̀ǹpútà ló ń mú orúkọ náà jáde. Bàbá Páálí, àgbà tó ń bójú tó ẹ̀rọ wa tẹ́lẹ̀, ló kọ ọ́, ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ní èdè kọ̀ǹpútà kan tí àwọn ẹ̀rọ òde òní kò gbọ́ mọ́. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ta kókó. Ọ̀wọ́ méjì ló tò sínú ẹ̀rọ. Ọ̀wọ́ ni a ń pe àpótí kéékèèké tí a tò tẹ̀léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Aláìsàn kan, àpótí kan, káàdì rẹ̀ àti àmì ọjọ́ tó wá sì wà nínú rẹ̀. Ó pe ọ̀wọ́ kìíní ní Àná, ó pe ìkejì ní Òní. Láàárọ̀, ètò náà á da gbogbo ohun tó wà nínú Òní kọ sínú Àná, lẹ́yìn náà ni á pa àmì inú Òní rẹ́, kí wọ́n lè fi tuntun sí i fún àwọn tó bá wá. Nírọ̀lẹ́, á fi méjèèjì wéra. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá wà nínú Àná tí kò sí nínú Òní, onítọ̀hún ló sá.

Èmi ni wọ́n ní kí n tú ètò náà sí èdè tuntun.

Ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Bí lẹ́tà bá ṣe wúwo tó ni a ń sanwó rẹ̀, mo sì tètè kọ́ láti fi ojú ewé kan dáhùn ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mẹ́rin dáhùn. Kò sí ohun tó ń bí mi nínú tó ìfiṣòfò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí ní Gékúrú, n kò sì kọ orúkọ náà. Nígbà tí mo gba ètò Bàbá Páálí, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gbá gbogbo àlàyé tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlà rẹ̀ dànù, bí ẹni gbálẹ̀ kó tó jókòó. Ẹ̀rọ kì í ka àlàyé. N kò rí ìdí tí èmi fi máa kà á. Nígbà tó yá, mo dé ibi tó ti fi ogójì ìlà da Òní kọ sínú Àná: orúkọ, nọ́ńbà káàdì, àdúgbò, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àmì kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Mo pòṣé. Nínú èdè tuntun, ìlà kan tó: Àná jẹ́ Òní. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì pa ogójì rẹ́.

Ẹgbẹ̀rin ìlà di igba. Dókítà àgbà ka ìròyìn mi sókè níbi ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá Páálí jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, ó gbé fìlà lé orúnkún. Ó ní, "Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ o." Gbogbo ilé fi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ní kó lọ máa sinmi.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìlà kan ṣoṣo yẹn kì í da nǹkan kan kọ nínú èdè tuntun. Orúkọ kejì ló ń fún ohun kan náà. Àná àti Òní ti di ọ̀wọ́ kan tó ń jẹ́ orúkọ méjì. Bí wọ́n bá ṣe é ní Òní, ó ti ṣe ní Àná. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni ètò mi ń fi Òní wé Òní, kò sì rí ìyàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ìwé fi ń jáde lófìfo. Ìyá Alùpùpù béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì bóyá kò sí ẹni tó ń sá mọ́, mo sì dá a lóhùn pé àwọn èèyàn ti gbọ́n. Wọ́n fún un níṣẹ́ mìíràn, ó ń lọ gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́. Bàbá Páálí pè mí láti ilé. Ó ní, "Ṣé ìwé àwọn tó sá ń jáde?" Mo ní kò sẹ́ni tó sá. Ó ní, "Nínú igba èèyàn? Ṣé áńgẹ́lì lẹ ń tọ́jú ni?" Mo rò pé ìlara ni. Ó pè lẹ́ẹ̀márùn-ún sí i, n kò gbé e.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé káfíńtà kan wá. Nínú kẹ̀kẹ́ tó fi ń kó pákó ni ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ fi tì í dé ẹnu ọ̀nà wa, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje tó ti lo oògùn kẹ́yìn. Apòògùn béèrè ìdí tí wọn kò fi wá. Ìyàwó náà kò bínú. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

"Ó ní ara òun ti yá," ó ní. "Mo bá a jà títí, kò gbọ́. Mo wá ní kó má yọ mí lẹ́nu mọ́, Ìyá Alùpùpù á wá bá a wí. Ìgbà kan tó sá lọ́dún yìí, ọjọ́ kejì ni wọ́n dé. A ń retí yín. Gbogbo ìgbà tí alùpùpù bá kọjá lójúlé ni mò ń jáde wò."

Káfíńtà náà kú kílẹ̀ Ẹtì tó mọ́. Ní àárọ̀ Ẹtì ni mo ṣí ètò mi, tí mo sì rí ìlà náà.

Ohun kan ṣoṣo tí mo lè dúpẹ́ rẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kò sọnù. Apòògùn ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ nígbà tó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá tún ibi tí wọ́n ti ń da Òní kọ sínú Àná ṣe, mo lè mú ètò náà rin ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin náà padà, kó sì sọ ẹni tó ti sá láàárín wọn. Káfíńtà nìkan kọ́ ló máa jẹ́. Gbogbo ẹni tó bá kù níta ni ọjọ́ wọn ń lọ.

Mo ti rò pé mo ti tún un ṣe. Mo ti pa ìlà kan ṣoṣo yẹn rẹ́, mo ti ṣẹ̀dá ọ̀wọ́ tuntun, mo sì ti kó gbogbo àpótí láti kìíní dé igba sínú rẹ̀. Ọ̀wọ́ méjì ló wà báyìí, n kò ṣiyèméjì. Síbẹ̀, bí mo bá ti fọwọ́ kan Òní, Àná ń yí.

Mo wo aago. Mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo pe Bàbá Páálí.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Gékúrú."

"Gékúrú wo? Èyí tí mo pè lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tó gbé ẹyọ kan?"

"Èmi náà ni, sà."

"Áà. Ṣé ara fóònù ẹ ti wá yá?"

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, mo sọ ọ́ ní ṣókí bí mo ti ń sọ ohun gbogbo: ìlà kan tí mo fi rọ́pò ogójì, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, káfíńtà. Nígbà tí mo dé ibi káfíńtà, ó dá mi dúró.

"Èyí tó ń gbé lẹ́yìn ilé pákó? Tó máa ń ti ọwọ́ bọ àpò kó tó gbé oògùn mì?"

"Òun ni, sà."

Mo gbọ́ tó fa àga, tó jókòó.

"Ó kù díẹ̀ kó parí tiẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú sí mi."

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀, má fẹ̀bẹ̀ mi ṣòfò. Aago mélòó ni Ìyá Alùpùpù ń gbéra?"

"Méjìlá, sà."

"Ka ohun tó o kọ fún mi. Rọra kà á."

Mo kà á. Kò tíì jẹ́ kí n parí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ikùn.

"Ṣé àwọn páálí ẹyin mi ṣì wà níbẹ̀?"

Ojú tì mí. Páálí ẹyin méjì ni ó máa ń fi kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ yìí, òun ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ihò ọgbọ̀n nínú páálí kan, bọ́tìnnì ẹ̀wù nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tó kù ọ̀la kó lọ, ó gbé méjèèjì wá sórí tábìlì mi, ó ní òun fẹ́ fi nǹkan kan hàn mí. Mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi." Ó kó wọn sórí fìríìjì, ó sì lọ. Èmi ni mo kó wọn sínú pàǹtírí ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e.

"Mo ti kó wọn dànù, sà."

"Bọ́tìnnì ńkọ́?"

Mo fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Agolo bọ́tìnnì náà ṣì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. "Wọ́n wà."

"Ó ṣì ṣẹ́ kù. Gbọ́ mi dáadáa. Láyé èdè tèmi, bọ́tìnnì gan-an ló ń jókòó sínú ihò. Nínú èdè tiyín, kò sí bọ́tìnnì nínú ihò kankan. Ìwé pélébé ló wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ ibi tí bọ́tìnnì wà sí. O ra páálí tuntun, o ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwé pélébé lo dà kọ sínú ẹ̀. Páálí di méjì, bọ́tìnnì ṣì jẹ́ ọ̀kan. Ilé kan náà ni ìwé méjèèjì ń júwe."

Mo pa ojú dé. Mo rí i kedere bí ẹni rí àtẹ́lẹwọ́.

"Mo gbọ́dọ̀ da káàdì fúnra rẹ̀ kọ," mo ní. "Orúkọ, nọ́ńbà, àdúgbò…"

"Àti àmì ọgbọ̀n ọjọ́ tó wà nínú káàdì. Ọ̀wọ́ lòun náà, ọ̀wọ́ kékeré nínú ọ̀wọ́ ńlá. Bó o bá gbàgbé òun, ibi tó o wà náà lo máa wà."

"Mo dúpẹ́, sà."

"Má tíì dúpẹ́. Ṣé o ka ohun tí mo kọ sórí ogójì ìlà yẹn?"

"Èwo, Bàbá?"

Ó ní, "Lọ ṣiṣẹ́ ẹ," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mo wá ẹ̀dà ètò rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, mo ṣí i, mo wá ibẹ̀ lọ. Ó wà níbẹ̀, lókè ogójì ìlà náà, láti ọdún mọ́kànlélógún:

*Sí ẹni tí yóò tú ètò yìí sí èdè mìíràn. Síso Àná pọ̀ mọ́ Òní ti bà mí níṣẹ́ jẹ́ rí níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni kí o kó wọn. Má so wọ́n pọ̀.*

Ó ti mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Kò mọ orúkọ mi, wọn kò tíì fi mí síṣẹ́ nígbà náà, ó sì ti kọ̀wé sí mi. Lẹ́tà kan tí n kò sanwó rẹ̀, tí n kò sì ṣí.

N kò ráyè jókòó lé e lórí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Orúkọ, kó o. Nọ́ńbà káàdì, kó o. Àdúgbò. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo dé ibi ọ̀wọ́ kékeré náà, mo ṣẹ̀dá òmíràn fún un, mo kó àmì ọgbọ̀n ọjọ́ sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi ń fẹ́ dín in kù. Ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo bá a níbi tó ti fẹ́ kó ohun méjì sójú ìlà kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dá a padà. Nígbà tí mo ṣe tán, mo ka ìlà náà. Mọ́kànlélógójì. Ọ̀kan lé ní ti bàbá náà.

Mo pa àmì aláìsàn kan rẹ́ nínú Òní. Mo wo Àná. Àmì rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Mo pa ti ẹlòmíràn rẹ́, mo pa ti ẹnì kẹta. Àná kò mira.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Mo ní kí ètò náà rin ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Kò pẹ́ tó àkókò tí wọ́n fi ń bu omi mu. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó sì pọ ìwé jáde.

Àwọn tó sá láàárín ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá náà jẹ́ mọ́kàndínlógún. Mọ́kànlá ti padà wá fúnra wọn. Mẹ́jọ ló kù. Káfíńtà ló wà lókè, nítorí òun ló kọ́kọ́ sá nínú mẹ́jọ náà. Ètò náà kò mọ̀ pé ó ti kú. Ohun tó mọ̀ ni pé ó wá lánàá, kò sì wá lónìí. Lọ́jọ́ tó sá gan-an, ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ìwé ìbá ti jáde.

Ìyá Alùpùpù ti wọlé nígbà tó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yọ bírò láti inú irun, ó fa ìlà gba orí orúkọ káfíńtà, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ti sùn sí. Lẹ́yìn náà ló fi ìka ka àwọn tó kù.

"Méje. Bíríkìlà yìí jìnnà, òkè odò ló wà. Màá kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Márùn-ún, Gékúrú. Méjì máa di ọ̀la."

"Ẹ fún mi ní méjì náà."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tí o kì í dé orí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú fèrèsé ẹ? Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Kí lẹ máa ń sọ?"

"Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màá ní, 'A ò rí ẹ lánàá.' Wọ́n á máa ṣàlàyé. Màá jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé tán. Má dá wọn lẹ́nu dúró o. Mo mọ̀ ẹ́, wàá fẹ́ kí wọ́n gé e kúrú."

"N kò ní dá wọn dúró."

"Bí wọ́n bá wá bi ẹ́ pé níbo la ti wà látọjọ́ yìí ńkọ́?"

"Màá sọ fún wọn pé èmi ni."

Ó ya ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó fún mi ní orúkọ méjì: aránṣọ kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé-ìwé, àti ìyá àgbà kan ní àjà kẹta ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Ó di okùn akoto rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ó jáde. Mo gbọ́ alùpùpù náà tó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ. Lókè ìlà mọ́kànlélógójì náà, mo tẹ ọ̀rọ̀ Bàbá Páálí síbẹ̀ bó ṣe kọ ọ́ gan-an, láìdín ẹyọ kan kù. N kò fi orúkọ mi sí i. Mo pa ẹ̀rọ, mo pe bàbá náà.

"Ó ti jáde, sà."

"Mélòó?"

"Mẹ́jọ. Méje ló ṣì lè wà láàyè."

"Ta ló ń lọ?"

"Ìyá Alùpùpù. Àti èmi."

Mo gbọ́ tí ó fi nǹkan kan lélẹ̀ lórí tábìlì, bóyá ife.

"Wọ bàtà tó dáa," ó ní. "Bí o bá dé, pè mí. Ìgbàkígbà tó bá jẹ́, màá gbé e."

Ó gbé fóònù sílẹ̀ kí n tó lè dá a lóhùn. Mo ti fèrèsé, mo gbé agolo bọ́tìnnì kúrò nínú dúrọ́ọ̀ sórí tábìlì, níbi tí mo ti máa rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Kẹ̀kẹ́ pákó náà ṣì wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ojú títì. Kò tíì sẹ́ni tó wá gbé e. Ẹnì kan ti fi omi fọ inú rẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ìwé orúkọ méjì náà wà lọ́wọ́ mi, mo sì yà sápá ọ̀tún, lọ́nà ilé-ìwé.